Àpòòwé Tí Kò Dé Issaba

Ìwé kan ṣoṣo ló sọnù. Ṣùgbọ́n oko hẹ́kítà mẹ́rìnlá ló rọ̀ mọ́ ìwé náà, ọkùnrin kan sì ti sun àtìmọ́lé nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kò ju ọ̀túnla lọ.

Marcelline Fágbèmí gbé fóònù rẹ̀ sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tún wo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Montréal. Ìyá àgbà kan ló jókòó nínú ọkọ̀ òfúrufú, nínú àga tó fẹ̀ débi pé ó dà bíi pé ọmọdé ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ó wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Nílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lórí itan rẹ̀, etí àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ yọ jáde lẹ́nu nílọ́ọ̀nù náà.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́," ni Basile wí. Basile ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ni olórí ìdílé náà ní Issaba, òun ló sì mú ẹjọ́ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Pobè. Kò tíì jókòó láti ìgbà tó ti wọlé. "Ẹ̀yin náà rí ìwé lórí itan wọn. Inú ọkọ̀ òfúrufú nìyẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra ní Paris; òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló yà á ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Kò sọnù ní Paris nígbà náà. Parfait ló fi táksí rẹ̀ lọ gbé wọn ní Kùtọnu, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Issaba, ìwé ti di àwátì."

"Ó sì dúró ní Sakété lójú ọ̀nà," ni Pacôme fi kún un. Pacôme ni ẹnìkejì Marcelline lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin tó fẹ́ràn kí ẹjọ́ tètè parí.

"Ó dúró ní Sakété," Basile tún un sọ. "Ta ló ń gbé Sakété? Ṣóbándé. Ta ló pè wá lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀? Ṣóbándé. Màdáámù, kí ló kù?"

Marcelline gbé fóònù náà sórí tábìlì. Ọdún méjìlélógún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn ará Pobè máa ń sọ pé kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ńṣe ló máa ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ.

"Ẹ tún un sọ fún mi, Bàbá. Báwo ni ìwé ilẹ̀ yín ṣe dé Montréal?"

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, Laure ọmọ wọn gbé àpótí ìwé bàbá rẹ̀ lọ, ó ní ikán yóò jẹ ẹ́ níbí. Ní ọdún yìí, Ṣóbándé ní àwọn ló ni oko. Kóòtù ní àwọn kò gba àwòkọ, àfi ojúlówó ìwé àdéhùn tí bàbá wa àti bàbá wọn jọ tẹ̀ka sí. Àbẹ̀kẹ́ lọ lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ wọn, a sì ní kí wọ́n gbé e bọ̀."

"Àga ńlá yìí ńkọ́?"

"Laure náà ni. Dókítà ní ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó pẹ́ kí ẹsẹ̀ máa rọ̀ nílẹ̀. Ní bísínẹ́ẹ̀sì, ibi tí àwọn olówó ń jókòó sí nínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n ní àga máa ń di ibùsùn." Basile wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Òfin ní ọ̀sán ọ̀la ni ẹ máa tú Parfait sílẹ̀ tàbí kí ẹ fà á lé adájọ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀, Màdáámù, a ti pàdánù oko wa nìyẹn."

*

Parfait jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá ìbéèrè, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni, ọmọ ìlú Igana, tó ti ń wa táksí láti Pobè sí Issaba àti Kùtọnu fún ọdún mẹ́wàá.

"Nígbà tí o pàdé Màmá ní pápákọ̀ òfúrufú, kí ló wà lọ́wọ́ wọn?" ni Marcelline bi í.

"Báàgì ọwọ́ kékeré. Àpótí ńlá méjì wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù."

"Nílọ́ọ̀nù dúdú ńkọ́?"

"Mi ò rí nílọ́ọ̀nù dúdú kankan, Màdáámù. Àwọn fúnra wọn ní àwọn gbé e wọ ọkọ̀ mi. Mi ò lè pe àgbàlagbà ní onírọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i."

"Kí ló dé tí o fi dúró ní Sakété?"

Parfait wo ilẹ̀. "Táyà ló jò. Mo ní kí wọ́n bá mi lẹ̀ ẹ́."

"Níbo?"

"Lọ́dọ̀ ọkùnrin tó máa ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, kí èèyàn tó wọ àárín ìlú."

Ó ti ń wo ojú Marcelline látìgbà tí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ táyà yìí nìkan ló ti wolẹ̀. Marcelline rí i, Pacôme náà rí i.

*

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní Sakété kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ Parfait dáadáa. Kò rí i lọ́jọ́ Àìkú, kò sì lẹ táyà kankan fún un láti bí oṣù kan.

"Ó parí," ni Pacôme wí bí wọ́n ti ń padà síbi ọkọ̀. "Ó parọ́. Ẹni tó parọ́ nípa ibi tó dúró sí, ó mọ ohun tó ṣe níbẹ̀."

"Ó parọ́ lóòótọ́," ni Marcelline wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta ìwé fún Ṣóbándé, ṣé ó máa yan irọ́ tí a lè já láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún? Ọkùnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Kò gbáradì láti parọ́ ni. Jẹ́ kí a béèrè ibi tó dúró sí gan-an."

Wọ́n rìn lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọlọ́kadà léèrè. Lábẹ́ páànù kan tí wọ́n ti ń ta àkàsà àti ẹja díndín ni wọ́n ti bá Jocelyne, obìnrin tó ní ìsọ̀ náà. Ó rántí kíá.

"Táksí tó gbé ìyá àgbà kan? Ó dúró síbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó pe ìrun. Ẹsẹ̀ ìyá náà wú, ó wú débi pé bàtà kò fẹ́ bọ́. Awakọ̀ náà ló kúnlẹ̀, tó ń fi sùúrù bọ́ ọ. Ó ní kí n bá òun gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí n da iyọ̀ sí i. Ìyá náà ki ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà mi, ó tó ìdajì wákàtí. Mo rò pé ọmọ wọn ni."



"Ṣé awakọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ wọn?" Marcelline bi í.

"Rárá o. Ó dúró ti wọn ni." Jocelyne yí ẹja tó wà lórí iná padà. "Ìyá náà nìkan ló béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní èwo ni ọ̀nà ilé Ṣóbándé. Mo júwe fún wọn, òpópónà kejì tí ẹ ń wò yẹn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí awakọ̀ máa gbé àwọn lọ sílé."

Marcelline dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀. Ohun méjì ló ń yí lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tẹ́ ibùsùn fún nínú ọkọ̀ òfúrufú nítorí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà wú, kí ló fà á tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú? Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń bá Ṣóbándé ṣẹjọ́, kí ló ń wá lọ sí ilé Ṣóbándé kó tó dé ilé ara rẹ̀?

*

"Ọ̀rọ̀ bàsíà omi iyọ̀ ti dé etí mi," ni Marcelline wí fún Parfait.

Parfait mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní tí Laure bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ àwọn wú lẹ́yìn gbogbo ohun tó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Mo ṣèlérí fún wọn."

"O sì wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ kúrò lórí ìlà àwọn awakọ̀ ní gáráàjì. Ṣé ìlérí náà ṣì wà?"

"Àwọn ni mo ṣèlérí fún, Màdáámù. Àwọn ló lè tú u. Mo rò pé wọ́n máa wá."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló dun Marcelline jù.

*

Ilé Àbẹ̀kẹ́ ní Issaba dojú kọ oko ọ̀pẹ. Ìyá àgbà náà jókòó sórí àga oníkùṣìn, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ. Basile kò sí nílé. Marcelline kúnlẹ̀ kí i, ó fa àpótí ìjókòó kan mọ́ra, ó ní kí Pacôme dúró síta.

"Màmá, mi ò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí. Ẹ bá mi sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ojú Àbẹ̀kẹ́ là. "Ní Paris, wọ́n fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì mí wọ yàrá ìsinmi kan, tí ó jẹ́ ti àwọn tó ra irú tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ọmọ mi, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí koríko ìdájí. Oúnjẹ wà lórí tábìlì gígùn, mi ò sì rí ẹni tó ń tà á. Mo dúró kí ọlọ́jà dé. Ọmọbìnrin kan ní kí n máa bù ú, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo bu ìrẹsì díẹ̀ àti ọsàn. Wọ́n mú mi lọ sí balùwẹ̀, omi gbígbóná ń rọ̀ láti òkè àjà bí òjò. Mo wẹ̀, mo padà wá jókòó. Mo kí ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún mi. Ó wò mí, ó wo fóònù rẹ̀. Mo kí obìnrin tó wà lápá òsì. Ó ti fi nǹkan dí etí rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní kí n fi dúró. Mo ronú pé tí mo bá kú sínú àga yìí, ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

Marcelline rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, mo wọ ọkọ̀."

"Nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Mo sùn. Mo jí. A dé."

Marcelline ṣàkíyèsí i. Yàrá ìsinmi gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ òfúrufú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́ta.

"Ṣé oorun náà dùn, Màmá?"

"Ó dùn díẹ̀. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ló da àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí lórúnkún."

Ife kan wà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú rẹ̀ ni ìdì nílọ́ọ̀nù kékeré kan wà, ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ oníke wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ nínú bébà. Wọn kò tíì tú u.

"Èyí ńkọ́?"

"Òun ni wọ́n fi gbé oúnjẹ fún mi nínú ọkọ̀. Ọwọ́ ni mo fi jẹun tèmi. Mo tọ́jú ìyẹn fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, kí wọ́n fi ṣeré."

*

Marcelline jáde lọ síbi tí ọ̀pẹ ti ṣíji bo ilẹ̀, ó pe Laure. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Montréal. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan.

"Àǹtí Laure, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi júwe àga tí ẹ rà fún Màmá. Tí ẹni iwájú bá da àga rẹ̀ sẹ́yìn, ṣé ó lè kan orúnkún wọn?"

"Kò ṣeé ṣe. Àga kọ̀ọ̀kan dá dúró bíi yàrá kékeré, ògiri wà níwájú rẹ̀. Mo wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa kí n tó rà á."

"Oúnjẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́?"

"Àwo tánganran, ṣíbí onírin, aṣọ funfun lórí tábìlì. Ìyá mi kò sọ fún yín ni? Wọ́n ní àwọn sùn bí ayaba." Ó tún ní, "Mo fi òpin ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣiṣẹ́ nítorí àga yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ẹsẹ̀ ìyá ẹlòmíràn sókè. Mo ní kí ti ìyá tèmi náà wà lókè fún wákàtí mẹ́fà péré."

 Marcelline dúpẹ́, ó sì padà wọlé.

*

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín."

 Àbẹ̀kẹ́ ṣí aṣọ náà kúrò fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ṣì wú, ó ń dán.

"Ẹ kò sùn sórí ibùsùn yẹn," Marcelline wí jẹ́jẹ́. "Ní ibi tí ẹ jókòó sí, àga iwájú máa ń kan orúnkún èèyàn, ṣíbí oníke ni wọ́n sì fi ń gbé oúnjẹ fúnni. Ẹ̀yìn ọkọ̀ nìyẹn, níbi tí èrò pọ̀ sí. Fọ́tò yín fi hàn pé ẹ kọ́kọ́ jókòó síbi tí Laure san. Ẹ dìde níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nílọ́ọ̀nù dúdú kò bá yín dìde. Nígbà tí ẹ dé Sakété, ẹ béèrè ọ̀nà ilé Ṣóbándé. Ẹ mọ ibi tí ìwé wà, Màmá. Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ta lẹ fún ní ibùsùn yín?"

Omijé kò bọ́ lójú ìyá àgbà náà. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ìdákẹ́jẹ́ yàrá ìsinmi yẹn ló lé mi jáde. Mo ní kí wọ́n tì mí lọ síbi tí àwọn èèyàn wà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń kérora ní èdè wa. Obìnrin kan ni, kò ju ogójì ọdún lọ, kò lè jókòó, kò lè dúró. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Dókítà ní tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kó dùbúlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí mi, ọmọ mi. Láàárín ìrora yẹn, ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ilé mi. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní Bàlíkísù, ọmọ Ìlaròó, pé aṣọ lòun ń tà ní Sakété, pé ìyàwó Ṣóbándé lòun."

"Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún un?"

"Mi ò sọ. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra tán, tí mo na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn yẹn, ńṣe ni mò ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ létí. Ẹni tí ìbàdí ń dùn kò ní ẹjọ́ ilẹ̀. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé àbúrò mi wà lẹ́yìn. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà wò mí, ó wò ó, ó gbà. Mo gbé báàgì mi, mo gbàgbé nílọ́ọ̀nù nínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ibi tí a ti ń gba ẹrù ni mo ti rántí. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbé e lọ."

"Ẹ sì sọ fún Basile pé ẹ gbé ìwé náà wọ táksí."

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé mo tẹ́ ibùsùn fún ìyàwó Ṣóbándé, mo sì fi ìwé oko wa ṣe ìrọ̀rí fún un? Wọn á ní mo ta ilé ọkọ mi."

"Parfait ló ń san án, Màmá."

"Mo mọ̀." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. "Mo ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé wọ́n máa tú u sílẹ̀."

Marcelline kò bá a wí. Àbẹ̀kẹ́ ló tọrọ fóònù, ó ní kó bá òun pe Laure. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìdúró, láti orí yàrá ìsinmi títí dé orí bàsíà omi. 

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́ báyìí, Màmá?" ni Laure bi í.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà náà tó sunkún.

*

Ní ilé Ṣóbándé ní Sakété, Bàlíkísù dùbúlẹ̀ sórí mátírẹ́ẹ̀sì nínú yàrá tó kún fún ìdì aṣọ. Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó ti ń hewú, ló mú àwọn ọlọ́pàá wọlé. Ojú rẹ̀ le.

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, kóòtù ni kí wọ́n lọ."

"Aya yín la fẹ́ kí," ni Marcelline wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi àti wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwa obìnrin."

"Rárá," Bàlíkísù wí láti orí mátírẹ́ẹ̀sì. "Kí bàálé mi dúró. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìdì àǹkárá kan, ó fa nílọ́ọ̀nù dúdú jáde.

"Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé mo máa rí Màmá níbi ẹrù, mi ò rí wọn. Mi ò mọ orúkọ wọn. Nígbà tí mo délé, mo tú u, bóyá màá rí nọ́ńbà fóònù. Orúkọ tí mo rí níbẹ̀ ni mo fi mọ ẹni tó fún mi ní ibùsùn." Ó wo ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ méjì ni mo fi sùn lé e. Lọ́sàn-án àná, mo ti ṣá ìṣáná. Mo ní kí n jó o, kí ó parí, kí oko jẹ́ ti àwọn ọmọ wa. Mo rántí pé obìnrin yẹn kò ní kí n san nǹkan kan. Mo fẹ́ iná náà pa."

 Ṣóbándé gba àpòòwé náà lọ́wọ́ aya rẹ̀, ó sì yọ ìwé inú rẹ̀. Pacôme gbé ẹsẹ̀ kan síwájú; Marcelline fi ọwọ́ dá a dúró.

Ìwé ògbólógbòó ni, ó ti pọ́n létí. Ṣóbándé kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àmì àtàǹpàkò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi ìka kan èyí tó wà lápá òsì.

"Bàbá mi nìyí," ó wí. "Wọ́n gé orí àtàǹpàkò wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wò ó, kò pé."

 Ó ká ìwé náà bí ó ti wà, ó dá a padà sínú àpòòwé, ó nà án sí Marcelline.

"Ẹ máa gbé e lọ kí n tó yí ọkàn padà. A ó rí ara wa ní kóòtù lọ́jọ́bọ̀." Ó ti yí ẹ̀yìn padà, kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹ bá wa kí ìyá náà."

*

Wọ́n tú Parfait sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbẹ̀kẹ́ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, Basile wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Ìyá àgbà náà fẹ́ kúnlẹ̀. Parfait sáré dì í mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Mo ti gbọ́. Ó ti tán nínú mi."

"Kò tíì tán," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ta ni mo tún lè lọ bẹ̀?"

Parfait ronú. "Tí ẹ bá fẹ́, gáráàjì ni. Èmi ti gbàgbé, ṣùgbọ́n èrò kò ní wọ ọkọ̀ olè."

Wọ́n lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gáráàjì Pobè kún. Zacharie, olórí àwọn awakọ̀, gbé àga fún ìyá àgbà náà. Ìyá náà ní òun máa dúró. Àwọn awakọ̀ kó ara wọn jọ, àwọn èrò náà sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni Marcelline dúró sí, kò dá sí i.

Àbẹ̀kẹ́ kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó sọ ẹni tó fún ní ibùsùn. Ó sọ pé ọwọ́ òun ni ìwé náà ti jábọ́, pé òun mọ̀, pé òun dákẹ́. "Ọmọ yìí kúnlẹ̀ bọ́ bàtà mi lẹ́bàá ọ̀nà, ó pa àṣírí mi mọ́ títí wọ́n fi tì í mọ́lé. Èmi ni mo parọ́. Ọmọ yìí kì í ṣe olè. Ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀, èmi ló ń bú."

 Basile, tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó máa sọ̀rọ̀, bọ́ sáàárín, ó ní, "Èmi náà ni mo fi ẹjọ́ sùn. Mo ṣe àṣìṣe."

Zacharie mú ìwé ìlà jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi bírò kọ orúkọ Parfait padà, kì í ṣe nísàlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí kò ṣe níbi tó wà tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn àgbà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Parfait, ìwọ lo kàn."

Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Àwọn méjì tẹ̀lé e. Àyè iwájú nìkan ló ṣẹ́ kù, àwọn èrò méjì sì ti ń yọjú sí i. Parfait fi ọwọ́ dá wọn dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó na ọwọ́ sí ìyá àgbà tó dúró láàárín gáráàjì, tí kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun dúró.

"Ẹ wọlé, Màmá," ó wí. "Issaba ni mò ń lọ."